Àpótí Ló Ń Yan Káàdì



Ní oṣù tó kọjá, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ìbàdàn. Iṣẹ́ fídíò ìgbéyàwó ló ń ṣe. Òun ló máa ń gé e, tó máa ń tò ó, tó máa ń fi orin sí i kó tó dé ọwọ́ ọkọ àti ìyàwó. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, káàdì tí mo rà kò wọlé.” Mo ní báwo ni kò ṣe wọlé? Ó ní ó ga ju àpótí lọ, pé òun ti ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀, òun sì ń rò ó pé bóyá kí òun gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kó bá òun gé irin ẹ̀yìn rẹ̀ dànù. Mo ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Fọ́tò yẹn ni mo fẹ́ fi ṣe ọ̀rọ̀ tòní, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àṣìṣe tí èèyàn lè ṣe nídìí ríra graphics card ló pé sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú kọ̀ǹpútà tó ń lò. Dell OptiPlex 7010 ni, èyí tó tín-ín-rín, tí àwọn èèyàn máa ń gbé mọ́nítọ̀ lé lórí. Ọdún 2012 ni irú rẹ̀ jáde. Àwọn ọ́fíìsì òkè òkun ló máa ń lò ó títí á fi sú wọn, kó tó wọ kọ̀ńténà, kó tó gúnlẹ̀ sí òpópónà Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà. Bí ẹ bá dé Computer Village, ẹ ó rí i níbi tí wọ́n tò ó léra wọn bíi búlọ́ọ̀kù, òun àti HP Compaq Elite 8300 tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ẹ̀rọ gidi ni. Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni bú u lójú mi. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ lẹ́tà, bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìṣirò owó ọjà, ó ṣì ń ṣe é láìmí gúlegúle. Àwòrán ni kò lágbára rẹ̀.

Kí n tó gbàgbé: àpótí tí gbogbo wa ń pè ní CPU kì í ṣe CPU. Prọ́sẹ́sọ̀ kékeré tó wà lábẹ́ fáànù nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá dé ọjà tí ẹ pè é ní orúkọ mìíràn, wọn ò ní mọ ohun tí ẹ ń wí, nítorí náà ẹ máa pè é bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí rédíò yìí, àpótí ni n ó máa pè é.

Kí wá ni iṣẹ́ káàdì yìí? Ẹ wo mọ́nítọ̀ tó wọ́pọ̀ lóde báyìí. Ẹ̀rún àwọ̀ 1920 ló wà níbùú rẹ̀, 1080 ló wà lóòró. Bí ẹ bá sọ wọ́n di púpọ̀, 2,073,600 ni. Bí nǹkan bá ń rìn lójú mọ́nítọ̀, a lè ní láti tún gbogbo wọn kùn ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Iṣẹ́ náà kò le. Ó kàn pọ̀ ni. Prọ́sẹ́sọ̀ i5-3470 tó wà nínú àpótí ọmọ wa yìí ní ọwọ́ 4. Bíríkìlà àgbà mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n mọ iṣẹ́ dójú àmì. Ṣùgbọ́n ta ló máa pe bíríkìlà àgbà mẹ́rin wá ro oko tí ojú ò lè rí òpin rẹ̀? Ọ̀wẹ̀ là ń bẹ̀ fún irú oko bẹ́ẹ̀. Graphics card gan-an ni ọ̀wẹ̀ náà. GeForce GTX 750 Ti tí NVIDIA gbé jáde ní 2014, tó ti di àgbà lónìí, ọwọ́ 640 ló ní. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbọ́n tó bíríkìlà, àmọ́ bí gbogbo wọn bá jọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ebè, kí oòrùn tó mú, oko ti mọ́.

Bí àpótí kò bá ní káàdì, prọ́sẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń fi igun kékeré kan ṣe iṣẹ́ àwòrán. Igun yẹn kò ní abọ́ tirẹ̀. Inú RAM, mẹ́mọ́rì àpótí fúnra rẹ̀, ló ti ń jẹun, òun àti gbogbo iṣẹ́ yòókù, wọ́n jọ ń tọwọ́ bọ abọ́ kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí fídíò ìgbéyàwó fi máa ń dúró gbagidi nígbà tí ìyàwó bá fẹ́ gbẹ́sẹ̀ ijó kejì.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sídìí fọ́tò.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé ihò wáyà oníka mẹ́fà wà létí káàdì náà. Mo bi í léèrè pé, “Ṣé o ti wo ara páwà páàkì rẹ?” Ó ní kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ kó tó gba ọjà lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àpótí ló ń yan káàdì. Kì í ṣe ọkàn wa, kì í sì í ṣe ẹni tó ń tajà. Gbogbo wa la ti gbọ́ bí jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣe ń ké nígbà tí ẹnì kan bá ki áyọ́ọ̀nù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Jẹnẹrétọ̀ yẹn náà ni páwà páàkì nínú àpótí. Ti OptiPlex 7010 tó tín-ín-rín, wáàtì 240 ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tó dúró gàgàrà jẹ́ 275. Nínú 240 yìí, prọ́sẹ́sọ̀ i5-3470 lè mu tó 77 tó bá ń sáré. Ihò tí a ń ki káàdì bọ̀ lára mọ́dábọ́ọ̀dù, gẹ́gẹ́ bí òfin àwọn tó ṣe é, lè fún káàdì ní 75, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ro 77 pọ̀ mọ́ 75, ó di 152. Ẹ fi ti dísíìkì, RAM àti fáànù lé e, ó ṣì kù díẹ̀ tí ẹ̀rọ á fi mí. Ìyẹn ni mo ṣe máa ń sọ fún ẹni tó ní irú àpótí báyìí pé káàdì tí kò bá béèrè wáyà, tó ń jẹun nínú ihò nìkan, òun ni káàdì rẹ̀. Kódà àwọn àpótí tín-ín-rín kan wà tí ìwé tó bá wọn wá sọ pé kí káàdì inú wọn má tiẹ̀ mu tó 75 yẹn. Ẹ ka ìwé ẹ̀rọ yín.

Èyí tó ń béèrè wáyà oníka mẹ́fà fẹ́ 75 mìíràn lórí ti ihò. Àpótí tín-ín-rín kò ní irú wáyà bẹ́ẹ̀ rárá. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ọjà á ti mú kọnfátà kékeré kan jáde, wọ́n á ní kí ẹ so ó mọ́ wáyà tó ń gbé iná fún dísíìkì. Ẹ má gbà. Ìdí wáyà dísíìkì yẹn, wáàtì 54 ni wọ́n ṣe é láti gbé lórí iná fólítì 12. Ẹ wá fẹ́ kó gbé 75. Lọ́jọ́ kìíní kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá wọra, tí káàdì ń sáré fún wákàtí mẹ́ta gbáko, rọ́bà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ẹ ó sì máa wá ẹni tó ń jó ike nínú àdúgbò, láìmọ̀ pé abẹ́ tábìlì yín ni.

Ẹnì kan lè ní òun á kúkú pààrọ̀ páwà páàkì. Ó ṣeé ṣe nínú 7010 tó dúró gàgàrà, torí páwà páàkì tó wọ́pọ̀ lọ́jà wọ inú rẹ̀. Ti OptiPlex 9020 tó tẹ̀ lé e kò rí bẹ́ẹ̀: ẹnu wáyà tirẹ̀ yàtọ̀, ihò mẹ́jọ ni. Nínú èyí tó tín-ín-rín, àyè gan-an kò sí. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀, ẹ gbé páwà páàkì tuntun náà lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tí wọ́n kọ 600 sí lára, tó sì fúyẹ́ bíi páálí bisikíìtì, irọ́ ló wà níbẹ̀. Èmi fara mọ́ 240 tòkunbọ̀ tó jẹ́ 240 lóòótọ́.

Nǹkan kejì tí mo rí nínú fọ́tò ni gíga rẹ̀. Káàdì oríṣi méjì ló wà: èyí tó ga, àti kékeré tí wọ́n ń pè ní low profile. Àpótí tín-ín-rín, low profile nìkan ló lè gbà á. Gígé irin ẹ̀yìn kò ran nǹkan kan, torí kì í ṣe irin nìkan ló ga, bọ́ọ̀dù káàdì fúnra rẹ̀ ló ga. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé bí low profile bá jẹ́ tuntun nínú páálí, irin ẹ̀yìn méjì ló sábà máa ń bá a wá, gígùn kan àti kúkúrú kan. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, kúkúrú yẹn ló máa ń sọnù, ẹ bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ tún wo bó ṣe sanra tó. Àwọn kan ní fáànù tó gbà àyè ihò méjì, bẹ́ẹ̀ ihò kejì lè má sí, tàbí kó jẹ́ páwà páàkì ló jókòó síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Wọ́n tà á fún un bíi GeForce GTX 1050 Ti, 4GB. Orúkọ yẹn wà lára páálí, nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì bá a ki káàdì náà bọ inú àpótí gàgàrà tirẹ̀, Windows náà ka 1050 Ti jáde. Ṣùgbọ́n ihò VGA wà lẹ́yìn káàdì náà, ihò aláwọ̀ búlúù oníka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí gbogbo wa mọ̀. Ìran tí 1050 Ti ti wá, èyí tó jáde ní 2016, kò ní ẹ̀yà ara tó ń ṣe VGA nínú ṣíìpù rẹ̀ mọ́. Bí ẹnì kan bá ní ọmọ òun ni, tí ọmọ náà sì jáde pẹ̀lú ilà tí ìdílé náà ti jáwọ́ níbẹ̀, ẹ bi í dáadáa.

Mo ní kó fi GPU-Z, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ohun tó wà nínú káàdì gan-an, sórí ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn. Ọ̀fẹ́ ni, kò tóbi, ó lè wà nínú fíláàṣì. Bí ó ṣe ṣí i, ọ̀rọ̀ kan ló jókòó síwájú orúkọ káàdì: FAKE. Abẹ́ rẹ̀ la ti rí ṣíìpù tó wà níbẹ̀ gan-an, ti GTX 550 Ti, ọmọ ọdún 2011. Wọ́n ti yí ìwé orúkọ inú rẹ̀ padà kí Windows lè máa pè é ní ohun tí kì í ṣe. Ẹ wò ó: 1050 Ti tòótọ́ kì í sábà mu ju wáàtì 75 lọ, 550 Ti yìí ń mu 116. Ìdí tí ihò oníka mẹ́fà fi wà létí rẹ̀ nìyẹn.

Ó gbé e padà lọ. Ọlọ́jà náà ní òun ò mọ̀, bí òun ṣe rà á lòun ṣe tà á. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀, ó dá ìdajì owó padà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ọ́ dàṣà: GPU-Z wà nínú fíláàṣì mi, mi kì í sì í sanwó káàdì tí wọn ò bá kì bọ ẹ̀rọ lójú mi. Ọlọ́jà tó bá ń bínú torí ìyẹn, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Èwo wá ni kéèyàn rà? Mi ò ní dárúkọ iye, torí dọ́là kì í jókòó sójú kan, iye tí mo bá dá níbí lè ti di irọ́ kí ètò yìí tó parí. Ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe ni kẹ́ ẹ wí.

GT 1030 ló pọ̀ jù nínú àwọn low profile tí kò náni lówó gọbọi. Kò ju wáàtì 30 lọ. Ẹ̀tàn kan wà nínú rẹ̀ o. Méjì ni wọ́n, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, páálí wọn jọra. Èyí tó jáde ní 2017 ní mẹ́mọ́rì GDDR5, ó lè kó dátà 48GB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èkejì tó jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e ní DDR4, kò lè kó ju 16.8 lọ. Ẹ fi èyí wé RAM inú OptiPlex yẹn: bí ẹ bá fi igi RAM DDR3 méjì tó jọra sí i, 25.6 ló ń kó. Tó bá jẹ́ igi kan ṣoṣo, 12.8. Ìyẹn ni pé bó bá jẹ́ igi méjì ni ẹ ní, mẹ́mọ́rì tí ẹ lọ ra pẹ̀lú DDR4 yẹn kò tiẹ̀ yá tó èyí tó ti wà nílé. Àpótí ọmọ wa, igi kan ṣoṣo tó jẹ́ 8GB ló wà nínú rẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ wá ìkejì rẹ̀, torí igi RAM DDR3 tòkunbọ̀ kì í wọ́n. Ó ní ìtura díẹ̀ ti dé kí káàdì tó dé rárá.

GT 1030 lè ṣe fíìmù wíwò àti géèmù fẹ́ẹ́rẹ́. Fún ẹni tó ń ṣe fídíò tà, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn, torí NVIDIA kò fi ẹ̀yà tó ń di fídíò pọ̀ sínú rẹ̀, èyí tó máa ń sọ iṣẹ́ wákàtí kan di ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kó fídíò jáde. RX 6400 ti AMD, ọmọ 2022, wáàtì 53, ó yá ju GT 1030 lọ bó bá ti géèmù, àmọ́ òun náà kò ní ẹ̀yà yẹn, ọ̀nà tó fi ń bá mọ́dábọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ sì tín-ín-rín, tó fi jẹ́ pé inú ẹ̀rọ àtijọ́ ni ọ̀nà náà ti máa ń dí. GTX 1650 onílow profile dára púpọ̀, ọmọ 2019 ni, 75 géérégé ni wáàtì rẹ̀. Kó o rí i ni iṣẹ́. RX 580 wà tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó, púpọ̀ nínú wọn ló ti ṣiṣẹ́ ọ̀sán àti òru nídìí wíwa Ethereum, owó tí wọ́n ń ná lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tó fòpin sí irú iṣẹ́ yẹn ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án 2022. Wáàtì 185 ni. Ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Èyí tí a fẹnu kò sí ni Quadro P1000. Kì í ṣe káàdì géèmù, ọ́fíìsì àwọn tó ń ya àwòrán ilé ló ti ń wá, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ géèmù kì í fi í jà lé e lórí. Low profile ni, ihò kan ló gbà, 4GB, ọwọ́ 640, wáàtì 47, ẹ̀yà tó ń di fídíò sì wà nínú rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé ihò mini DisplayPort mẹ́rin ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí HDMI, kò sí VGA. Mọ́nítọ̀ ọmọ wa, VGA nìkan ló mọ̀. Mo ní kó ra kọnfátà mini DisplayPort sí VGA, kó béèrè èyí tí wọ́n ń pè ní active.

Mo tún sọ òótọ́ kan fún un. Windows 10 tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń lò, Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, prọ́sẹ́sọ̀ rẹ̀ kò sì sí nínú àwọn tí wọ́n gbà fún Windows 11. Oṣù kan náà yẹn ni NVIDIA fi ṣe òpin driver géèmù tuntun fún ìran 750 Ti àti 1050 Ti. Ẹ̀rọ náà kò kú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kọ́ àjà kejì lé ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti gbó. Òfin tèmi ni pé owó káàdì kò gbọdọ̀ ju owó tí ẹ fi ra àpótí lọ. Tó bá ti ń ju bẹ́ẹ̀, ẹ fi kún un kẹ́ ẹ ra àpótí mìíràn.

Bí a ṣe ń ki káàdì bọ̀ kò le. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, kẹ́ ẹ wá tẹ bọ́tìnì ìtanná rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Ẹ fi ọwọ́ kan irin àpótí kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan káàdì, pàápàá lásìkò ọyẹ́, nígbà tí aṣọ ń ta páràpárà lára wa, torí iná kékeré yẹn lè pa ṣíìpù láìdún. Ihò gígùn méjì ló wà nínú 7010. Búlúù ni kẹ́ ẹ lò. Dúdú gùn tó o, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin wáyà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ tẹ káàdì wọlẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò méjèèjì títí ẹ ó fi gbọ́ kó ní “kọ́”. Bí kò bá dún, kò tíì wọlé.

Ọmọ wa ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, èmi wà lórí fóònù. Ó kì í, ó dún, ó dé e. Ó tan iná. Fáànù ń yí. Mọ́nítọ̀ dúdú kirikiri. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ó ti bàjẹ́ o, wọ́n ti tún lù mí ní jìbìtì.” Mo ní ibo lo ki wáyà mọ́nítọ̀ bọ̀? Ó ní ibi tí òun máa ń kì í bọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni. Mo ní kọnfátà tí mo ní kó o rà dà? Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ ìró ọ̀rá níbi tó ti ń tú u, mo gbọ́ tí àga wọ́ nílẹ̀, tí ó ń mí lábẹ́ tábìlì. Ó pẹ́ díẹ̀.

Ó ní, “Ó ti tàn.”